Robert Campbell: Àlejò tó tọwọ́ bọ̀wé ìgbélùú l'Abẹ́òkúta, tó wá di ará Èkó títí tó fi kú

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àgbádárìgì dáadáa, láti Alábà dé Ọ̀jọ́, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà àti Òkòkómáíkò, kò ní í jiyàn pé àlejò pọ̀ ládùúgbò náà. Ará Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, ará Tógò wà níbẹ̀, ará Gánà náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ń tajà, àwọn kan ń ránṣọ, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ń sọ Yorùbá bí ọmọ onílẹ̀. Ní àdúgbò yẹn kan náà, kò sí ilé kan tí ẹ ó wọ̀ tí wọn kò ní í ní ọmọ tàbí àbúrò tó wà ní London, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Kánádà, tó ń sáré ìwé ìgbélùú, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní pépà.

Àwọn àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pépà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Wọn kò tíì gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún gbogbo àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Àwọn Yorùbá tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ní Kumasi àti Accra sá wálé pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ṣe irú ẹ̀ fún àwọn àlejò tiwa níbí, ọ̀nà Àgbádárìgì yìí sì ni ọ̀pọ̀ ará Gánà gbà kọjá lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù lọ́jọ́ náà ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1884, tó jẹ́ pé gbogbo ayé rẹ̀ ló fi wá ibi tí wọn yóò ti gbà á bí ọmọ ilé. Robert Campbell lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn ìwé ìròyìn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde ní ìlú Èkó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kó tó ṣe ìyẹn, ó ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní ààfin Aláké, pé kí àwọn ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà lè wá máa gbé ilẹ̀ Ẹ̀gbá títí láé.

Ìlú Kingston, ní erékùṣù Jàmáíkà, ni wọ́n ti bí Campbell ní ọdún 1829. Ará Scotland ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti ènìyàn dúdú lára. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Jàmáíkà, tí gbogbo ẹrú sì gba òmìnira pátápátá ní 1838. Ó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì di tíṣà. Ṣùgbọ́n nǹkan kò rọgbọ ní Jàmáíkà lásìkò náà. Owó tí tíṣà ń gbà kò tó bọ́ ẹbí. Ní nǹkan bí ọdún 1852, òun àti àwọn tirẹ̀ kó jáde, wọ́n gba Nicaragua àti Panama kọjá, wọ́n sì dé New York ní 1853.

Amẹ́ríkà tó dé kì í ṣe Amẹ́ríkà òde òní. Oko ẹrú ṣì kún ìhà gúúsù. Ní ìhà àríwá, níbi tí kò ti sí ẹrú, ènìyàn dúdú tó mọ̀wé tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè jókòó sí ibi tó wù ú nínú ọkọ̀. Campbell rí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe ní New York, lẹ́yìn náà ní 1855 ó di olùkọ́ ní Institute for Colored Youth ní Philadelphia, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ènìyàn dúdú. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó fẹ́ràn jù lọ. Iṣẹ́ náà dára, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ohun tó mú kí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú má balẹ̀ nígbà náà ni òfin. Ní 1850, wọ́n ṣe òfin kan pé ẹrú tó bá sá, ibikíbi tó bá wà ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n mú un padà fún ẹni tó ni ín. Ní 1857, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dred Scott. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ ni pé ẹni tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá láti Áfíríkà bí ẹrú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ẹrú kọ́ ni òun fúnra rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tí wọ́n bí sílùú, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ni wọ́n sọ pé àlejò ni.

Ibẹ̀ ni Dókítà Martin Delany ti wọnú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 1812 ni wọ́n bí Delany ní Virginia. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard ní 1850, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó fárí pé àwọn kò lè bá a jókòó, wọ́n sì lé e jáde. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé kí ènìyàn dúdú lọ wá ilẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀dó sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1858, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàdé ní Chatham, ní Kánádà, wọ́n sì fún un láṣẹ láti lọ wo ilẹ̀ tó yí odò Ọya ká, bóyá àyè wà níbẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n yàn. Nígbà tí owó kò jọ, àwọn méjì péré ló dé ibẹ̀: Delany àti Campbell.

Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn rìn. Campbell kọ́kọ́ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wá owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òwú. Kò dùn mọ́ Delany nínú, nítorí ó fẹ́ kó jẹ́ pé owó ènìyàn dúdú nìkan ni wọn yóò fi ṣe é. Delany gba Liberia wá. Campbell ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó, ní oṣù keje ọdún 1859, kó tó gba ojú omi lọ sí Abẹ́òkúta. Delany dé Èkó kí ọdún náà tó parí, Ọba Dòsùnmú sì fún un ní ìwé ilẹ̀ kan nílùú náà ní oṣù kẹwàá.

Abẹ́òkúta nígbà náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìlú àwọn tó sá ogun ni, ìlú àwọn tó wá ibi ìsádi lábẹ́ àpáta. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown, ti ń padà wálé láti nǹkan bí 1839. Nítorí náà, kò jẹ́ tuntun létí àwọn Ẹ̀gbá pé ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú fẹ́ padà wálé. Aláké Okúkẹ́nù ló wà lórí oyè, ẹni tí wọ́n fi jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ní 1854.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1859, Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè, tí Baṣọ̀run Ṣómóyè, Ṣókẹ́nù àti Ògúnbọ̀nà wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Delany àti Campbell. Samuel Ajàyí Crowther, ẹni tí kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, àti ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Samuel bákan náà, ló ṣe ẹlẹ́rìí. Abala mẹ́rin ni ìwé náà ní, ó sì yẹ kí a tò wọ́n, nítorí inú wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Abala kìíní sọ pé àwọn ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà lè wá máa gbé pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta èyíkéyìí tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gbà. Abala kejì ní bí ẹjọ́ bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àlejò náà fúnra wọn, kí wọ́n dá a gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Abala kẹta ní dípò owó, ohun tí àwọn àlejò yóò mú wá ni ẹ̀kọ́, ìmọ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n tún ilẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Abala kẹrin ní kí wọ́n pa òfin Ẹ̀gbá mọ́, bí aáwọ̀ bá sì dé láàárín onílé àti àlejò, kí iye ènìyàn kan náà láti ìhà méjèèjì jókòó parí rẹ̀.

Lójú àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, ayọ̀ ńlá ni. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí wọn sí sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ọba kan tó wà lókè òkun sì ní kí wọ́n máa bọ̀ wá sílé. Campbell àti Delany kò jókòó sójú kan. Ní oṣù kìíní 1860 wọ́n gbéra, wọ́n sì dé Ìjàyè, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Campbell ń kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń po epo, bí wọ́n ṣe ń pa aró, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ó kíyè sí i pàápàá pé kò sí ẹni tó ń ta ilẹ̀: ẹni tó bá rí ilẹ̀ tí kò lẹ́ni lórí, yóò dá oko sí i, tirẹ̀ ni níwọ̀n ìgbà tó bá ń lò ó, bó bá sì fi í sílẹ̀, ó padà di ti gbogbo ayé. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1861, tó pè ní A Pilgrimage to My Motherland.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ni ogun ti ń gbóná. Aláàfin Àtìbà ti wàjà ní 1859, ọmọ rẹ̀ Adélù sì gorí oyè. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í sìn ín, nítorí Àrẹ̀mọ ní í bá bàbá rẹ̀ kú láyé àtijọ́. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Campbell àti Delany kúrò ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n forí lé London láti wá owó àti àwọn tí yóò bá wọn kó lọ.

Ẹ̀yìn wọn ni nǹkan ti dàrú. Ẹni tó lágbára jù lára àwọn òyìnbó Abẹ́òkúta ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ẹni tó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1859 kan náà tí wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn. Òun ló máa ń bá Aláké kọ lẹ́tà sí àwọn òyìnbó. Kò fẹ́ rí i kí àwọn ènìyàn dúdú tó mọ̀wé wá tẹ̀dó sítòsí rẹ̀, kí wọ́n sì máa dá ẹjọ́ ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sí àdéhùn kankan, pé Aláké kò fọwọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di 1861, Aláké àti àwọn ìjòyè náà ti sọ pé àwọn kò fún ẹnikẹ́ni ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi náà ru Townsend. Òótọ́ ni pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ohun tí Campbell fúnra rẹ̀ rí nípa ilẹ̀. Fún ọmọ Ẹ̀gbá, kí a fún àlejò níbi tí yóò dá oko sí kò le rárá, wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Àmọ́ ìwé tí òyìnbó ń kọ máa ń sọ irú oore bẹ́ẹ̀ di ẹ̀tọ́ tí kò ṣeé gbà padà. Abala kejì tilẹ̀ tún le jù. Èwo ni ká wà nílùú, ká má wà lábẹ́ ẹjọ́ ìlú? Bóyá ohun tí onílé gbọ́ nígbà tí wọ́n ka ìwé náà kọ́ ni àlejò gbọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì di méjì. Láìpẹ́ ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 1861. Delany dúró síbẹ̀, ó ń kó àwọn ọmọ ogun dúdú jọ, wọ́n sì fi í jẹ Major ní 1865. Àwọn tí wọ́n ń retí ní Abẹ́òkúta kò wá mọ́.

Campbell nìkan ló wá. Ní 1862 ó kó ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì tún gúnlẹ̀ sí Èkó. Èkó ti yàtọ̀ sí èyí tó fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú kí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di tiwọn, bí ọkọ̀ ogun wọn ṣe dúró lójú ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí bìrí. Jàmáíkà tí wọ́n bí Campbell sí wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Èkó náà sì ti bọ́ sábẹ́ wọn. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láti wá ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àwọn ọba kò tún nílò ìwé kankan láti gbé Èkó. Ìwé tó fẹ́ràn tó sì fọwọ́ sí kò ṣiṣẹ́. Ìwé tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, tó gba ìlú lọ́wọ́ onílùú, ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí Gómìnà Freeman gbọ́ pé Campbell fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, ẹ̀rù bà á pé yóò máa ru àwọn ará ìlú sókè. Ó kọ̀wé sí London pé kí òun bu owó orí lé ìwé ìròyìn, kí iṣẹ́ náà má baà ṣeé ṣe. London kò gbà fún un. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1863, ẹ̀dà àkọ́kọ́ The Anglo-African jáde. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ìlú Èkó. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí Campbell kọ́ lọ́mọdé ní Kingston ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà kógbá sílé ní ìparí ọdún 1865, nítorí àwọn tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò pọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Èkó. Ó gbé ìlú náà fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù kìíní 1884. Delany, tí kò padà wá mọ́, kú ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 1885.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń ka ìtàn yìí kò gbọ́dọ̀ fò dá. Ní oṣù kẹwàá 1867, àwọn Ẹ̀gbá bínú sí àwọn òyìnbó. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé gbogbo míṣọ́nnárì kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Ilé ìtẹ̀wé Ìwé Ìròhìn tí Townsend dá sílẹ̀ parun pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó sọ pé àlejò ẹlẹgbẹ́ wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà wá rí i pé àlejò ni àwọn náà.

Lónìí, òfin ti tò ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tirẹ̀. Gánà ṣe òfin ní ọdún 2000 tó fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lókè òkun lẹ́tọ̀ọ́ láti wá gbébẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa, ṣe tirẹ̀ ní 2024, pé ẹni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú lè di ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí Delany àti Campbell bẹ̀bẹ̀ fún ní 1859 ni, ó lé ní ọgọ́jọ ọdún kó tó di òfin. Ní Nàìjíríà tiwa, bí àlejò bá fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè pátápátá, abala kẹtàdínlọ́gbọ̀n ìwé òfin 1999 ní kó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó jẹ́ ẹni tó lè ṣe ìlú láǹfààní, kí gómìnà ìpínlẹ̀ náà sì gbà pé àwọn ará àdúgbò tó fẹ́ máa gbé tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ó ti mọ́ra pẹ̀lú ìṣe wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn wé àdéhùn Abẹ́òkúta. Àǹfààní tí àlejò lè ṣe fún ìlú wà nínú méjèèjì. Ohun tó wà nínú ìwé òfin wa, tí ìwé ti Abẹ́òkúta kò fi bẹ́ẹ̀ bójú tó, ni ìtẹ́wọ́gbà àwọn ará àdúgbò. Ọba fọwọ́ sí i, ìjòyè fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ bi baálé ilé tó wà lẹ́bàá oko náà léèrè.

Ọmọ wa tó ń wá pépà ní London, àti ará Tógò tó ń gba yàrá ní Òkòkómáíkò, ìtàn yìí kan àwọn méjèèjì. Ẹ wá ìwé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò ṣe pàtàkì, nítorí 1969 àti 1983 ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Campbell kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wá, ó mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bá ìlú gbé títí ìlú fi mọ̀ ọ́n. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ.